Orúkọ Mẹ́rin, Ojú Oórì Mẹ́ta

Àti pé wọ́n ṣì ń sọ ọ́. Wọ́n ṣì ń sọ pé èmi àti taipuráítà mi la fọ́ ẹbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá yìí ni mo lọ ra iyọ̀ lọ́jà Àjà, àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ń yan ẹja dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tí wọ́n rí mi. Bí mo ṣe yíjú padà báyìí ni ọ̀kan sọ fún èkejì pé, "Òun nìyẹn, ọmọ tó tẹ bàbá jáde nínú ìwé." Tẹ bàbá jáde kẹ̀. Èmi ò tẹ ẹnikẹ́ni jáde. Orúkọ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni mo kà. Mo kà á, iye rẹ̀ ò dọ́gba. Ṣé ẹni tó ka nǹkan ló jẹ̀bi pé nǹkan ò dọ́gba ni?

Bó ṣe ń bọ̀ lẹ́nu mi ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí. Mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan, torí orúkọ ti ṣe wá níkà tó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nílẹ̀. Ìyá àgbà, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń bẹ Ọlọ́run fún: kí wọ́n sin òun sí yàrá. Yàrá tí mò ń wí wà nínú ilé bàbá ńlá wa, ẹni tó tẹ àdúgbò wa dó létí ọ̀sà. Ilé alámọ̀ ni, wọ́n wá fi páànù bò ó nígbà tó yá. Bàbá ńlá fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ láàárín yàrá náà. Ojú oórì mẹ́ta tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ìkarahun inú òkun yí etí wọn ká, àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ìkẹta, lẹ́bàá ògiri, ìyá tó bí Ìyá àgbà ló wà níbẹ̀, ìkarahun yí tirẹ̀ náà ká. Àyè kan wá ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ju ẹní kan lọ. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Ìyá àgbà máa ń gbá yàrá yẹn. Tó bá gbá a tán, á tẹ́ ẹní sí àyè yẹn, á dùbúlẹ̀, á na ẹsẹ̀, á máa wo òkè àjà. Á ní, "Ó ṣì gbà mí." Inú máa ń bí mi. Mo máa ń ní kí ló dé tí ẹ ń fi ikú ṣeré. Ó ní òun ò fi ṣeré o, ìwọ̀n lòun ń gbà.

Ẹni tó dí ọ̀nà mọ́ ọn ni Bàbá Olórí Ẹbí. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Ọkùnrin tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀. Ọwọ́ kan ti yọ lára awò ojú rẹ̀, okùn àwọ̀n ló fi so ó mọ́ etí. Tí ẹbí bá ń ṣèpàdé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá ńlá, ẹnu ọ̀nà gangan ni wọ́n máa ń gbé àga rẹ̀ sí, torí atẹ́gùn ọ̀sà, ibẹ̀ ló sì máa ń na ẹsẹ̀ sí. Èmi gan-an, òun ló kọ́kọ́ yìn mí. Mi ò kàwé jìnnà, bàbá mi kú kí n tó parí ìwé mẹ́fà. Ìgbà tí wọ́n ń la títì bọ̀ láti Màrókò, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fi taipuráítà kan tó ti bàjẹ́ sílẹ̀ sínú ilé tí wọ́n wọ̀ sí. Lẹ́tà kan nínú rẹ̀ kì í tẹ̀, bírò ni mo fi máa ń dí i. Mo kọ́ ara mi, ìka kan, ìka méjì, títí tó fi di gbogbo ọwọ́. Àwọn ará ilé ní ariwo mi ti pọ̀ sí i, pé tẹ́lẹ̀ ẹnu nìkan ni, ní báyìí ó ti kan ọwọ́. Bàbá Olórí Ẹbí ló wá jókòó tì mí, tó ka ohun tí mo tẹ̀, tó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ohun tí o bá kọ á pẹ́ láyé." Mo rántí bí inú mi ṣe dùn tó.

Ìṣòro bàbá yẹn ni pé ohun tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀, ó ti di òótọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ni káńsù ránṣẹ́ pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan tó lè jẹ baálẹ̀ tẹ ìtàn ìran wọn wá, ta ló bí ta, ta ló tẹ̀ lé ta, kí àwọn àgbà tẹ̀ka sí i. Èmi nìkan ni mo ní taipuráítà ládùúgbò, bó ṣe di tèmi nìyẹn. Bàbá Olórí Ẹbí gbé àpótí páànù kan wá, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Pépà kọ́ọ̀tù ló wà nínú rẹ̀. Nígbà ayé àwọn òyìnbó, kí wọ́n tó bí bàbá mi, abúlé kan pè wá lẹ́jọ́ lórí etí omi tí a ti ń dẹ ìgèrè ẹja. Kọ́ọ̀tù bi ìdílé wa pé ọmọ mélòó ni bàbá ńlá bí. Orúkọ mẹ́rin ni akọ̀wé kọ sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àbíkẹ́yìn bàbá ńlá, tó jẹ́ baálẹ̀ nígbà yẹn, gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù ni Agùntáṣọọ́lò, Adúmáadán, Eyínfúnjowó.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ rẹ̀. Agùntáṣọọ́lò ni àkọ́bí, ó ga bí igi àgbọn, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Adúmáadán ni bàbá tó bí bàbá tó bí Olórí Ẹbí, bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ tó kọ́kọ́ pa pépà yẹn mọ́ ṣe sọ fún un. Eyínfúnjowó, wọ́n ní òkun gbé e lọ, kò bímọ, kò sì ní ojú oórì. Orúkọ mẹ́rin, ojú oórì mẹ́ta, ọ̀kan wà lókun. Ó bára mu àbí? Àwa wá dà? Ìyá àgbà ní ìyá tó bí ìyá òun, ọmọ bàbá ńlá ni, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, òun ló sì wà nínú ojú oórì kẹta. Ṣùgbọ́n orúkọ obìnrin yẹn ò sí nínú pépà. Bàbá Olórí Ẹbí ní ìwọ̀fà ni yóò jẹ́ nígbà náà, tí wọ́n mú wá láti ìhà Ìjẹ̀bú, pé torí àánú ni wọ́n fi sin ọmọ rẹ̀ sẹ́sẹ̀ ẹni tó sìn. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn ló tún dùn mí jù. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Ó ní tí ìwé yìí bá ti dé káńsù, ẹni tí ìran rẹ̀ ò bá sí nínú rẹ̀ ò lè sùn sí yàrá, kó má baà di ẹjọ́ lọ́jọ́ iwájú.

Mo ní mi ò tẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo ní mi ò tẹ irọ́.

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ Àfáà lọ. Àfáà àdúgbò wa ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ìwé àdúà tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìwé yẹn ni wọ́n máa ń kọ orúkọ òkú sí, kí wọ́n lè rántí wọn níbi sàárà. Ó gbé e súnmọ́ imú, ó fi ìka tọ ọ́ láti ọ̀tún lọ sí òsì. Ó rí bàbá ńlá. Ó rí ọmọ mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀. Mẹ́ta. Ọkùnrin méjì, obìnrin kan. Ó pe orúkọ obìnrin náà, orúkọ tí Ìyá àgbà ń pè láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Mo ní kó tún un pè. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta fún mi, ó wá ní ṣé mo fẹ́ kí òkú dáhùn ni.

Eré ni mo sá dé ọ̀dọ̀ Bàbá Olórí Ẹbí. Ó gbọ́ mi tán, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní àwọn Àfáà, ohun tí wọ́n bá sọ fún wọn ni wọ́n ń kọ. Mo ní kọ́ọ̀tù ńkọ́, ṣé wọ́n ti dáyé nígbà tí bàbá ńlá ń bímọ ni. Ó ní, "Èwo ló ní òǹtẹ̀ nínú méjèèjì?" Mo ní kó jẹ́ kí n wo ìsàlẹ̀ pépà náà, kí n wo ẹni tó sọ ọ́ fún akọ̀wé. Ojú ìka àtàǹpàkò kan ló wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ti ìyàwó baálẹ̀ ni. Ìyàwó àbíkẹ́yìn bàbá ńlá nìyẹn. Yàtọ̀ sí baálẹ̀ fúnra rẹ̀, tí àìsàn ò jẹ́ kó dé kọ́ọ̀tù, òun ló dàgbà jù láyé nígbà yẹn tó mọ gbogbo wọn. Bàbá ní, "Ṣé o rí i? Ẹni tó jẹun pẹ̀lú wọn ló sọ ọ́." Mo bínú kúrò níbẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ò níṣẹ́ tó ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n mo gbá a gbà gan-an.

Ibà ló jẹ́ kí n rí i. Ó ká mi mọ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn débi pé mi ò mọ ibi tí mo wà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lójú títì. Wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ kẹta. Mo padà lọ, wọ́n ò rí káàdì mi. Nọ́ọ̀sì tú gbogbo àpótí, ó ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ tí mo dá. Mo ti ń pariwo, ẹ ṣáà mọ̀ mí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá fà mọ́ mi lẹ́yìn, ó rọra sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wo Awẹ́lẹ́wà."

Káàdì mi jáde.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní èwo ni orúkọ rẹ gan-an, ṣé olè ni ẹ́ ni. Mo kọjú sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kí ló dé tí kò sọ orúkọ mi. Ó wò mí bí ẹni tí ibà ò tíì fi sílẹ̀. Ó ní, "Mo bá yín nílé. Ṣé kí n máa wá la orúkọ ọkọ mi mọ́lẹ̀ níwájú àlejò ni?" Lóòótọ́, obìnrin yìí ò pe orúkọ mi rí. Ọjọ́ tó wọlé wa ló ti fún gbogbo wa lórúkọ, àti ọmọdé àti àgbà, torí ìyàwó kì í pe àwọn tó bá nílé lórúkọ àbísọ. Awẹ́lẹ́wà lèmi. Ìgbà tó bá sì fẹ́ kí n bá òun pọn omi, á fi Ìdí-ìlẹ̀kẹ̀ kún un.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì nọ́ọ̀sì. Ìyàwó. Ìyàwó ilé ló tẹ̀ka sí pépà kọ́ọ̀tù. Ta ni ìyàwó máa pe orúkọ rẹ̀ nínú àwọn àna rẹ̀? Kò sí ìkankan. Agùntáṣọọ́lò, Adúmáadán, Eyínfúnjowó, kò sí èyí tí bàbá ńlá sọ ọmọ rẹ̀ nínú wọn. Obìnrin kan ló fi wọ́n pe àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Akọ̀wé tí kì í ṣe ará ilé jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú bírò rẹ̀, ó ń gbọ́ oríkì, ó ń kọ orúkọ.

Ọ̀nà ilé jìn lọ́jọ́ náà. Mo bá Ìyá àgbà nídìí ààrò, ó ń fi èéfín gbẹ ẹja. Mo dúró wò ó. Ó dúdú, ó ń dán, àgbà yìí. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, eyín rẹ̀ ṣì pé, ó funfun bí ìkarahun. Mo bi í pé ìyá tó bí ìyá rẹ̀, báwo ló ṣe rí. Ó ní èmi náà ò ní kúrò nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní ṣé ó jọ yín. Ó ní wọ́n ní ojú kan náà ni àwọn. Mo ní, "Ìyàwó baálẹ̀ yẹn, kí ló máa ń pè é láàárọ̀?"

Ó fi ọwọ́ tó fi ń yí ẹja sílẹ̀. Ó wá kì í, bí ó ṣe máa ń gbọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé, ní ohùn obìnrin mìíràn: "Ẹ kú àárọ̀ o, Adúmáadán, Eyínfúnjowó mi." Lẹ́ẹ̀kan náà, fún ẹnì kan ṣoṣo.

Mo fò sókè. Mo ní ìyá, ó ti parí, yàrá ti di tiyín. Ó ní kí n jókòó.

"Tí Adúmáadán bá jẹ́ ìyá ìyá mi," ó ní, "ta ni bàbá bàbá ẹni tó wà lórí àga?"

Mi ò tíì ronú débẹ̀. Mo búra, mi ò tíì dé ibẹ̀ rárá. Òun ló sọ ọ́ fún mi, ohùn rẹ̀ ò gbéra sókè. Ọkùnrin kan ló gba orí ọ̀sà wá nínú ọkọ̀ ọ̀pá, kò sọ ibi tó ti wá, ẹnì kan ò sì bi í. Ó ń tún àwọ̀n ṣe fún bàbá ńlá. Ní ọdún tí onígbáméjì jà, gbogbo abúlé sá lọ sí òdìkejì omi, wọ́n fi àwọn tó ń ṣàìsàn sílẹ̀. Ọkùnrin yìí nìkan ló dúró. Òun ló ń bu omi fún wọn, òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ Agùntáṣọọ́lò. Nígbà tí àwọn tó sá padà dé, bàbá ńlá kó wọn jọ, ó ní ọmọ òun ni láti òní lọ, ẹni tó bá tún bèèrè ibi tó ti wá, ẹni náà kì í ṣe ọmọ òun. Nígbà tí ọkùnrin náà máa kú, ó ní kí wọ́n má sin òun sí yàrá, kí wọ́n sin òun sábẹ́ ẹnu ọ̀nà, kí ohunkóhun tó bá ń bọ̀ wá bá àwọn ọmọ bàbá òun kọ́kọ́ bá òun níbẹ̀. Wọn ò yí ìkarahun kankan ká a. Òun náà ló ní kí wọ́n má ṣe é.

Mo bi í bóyá Bàbá Olórí Ẹbí mọ̀. Ó ní kò mọ̀. Ó ní bàbá rẹ̀ rí orúkọ kan tó ṣófo nínú pépà, ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ bí ẹni wọ ẹ̀wù fún ọmọdé, àwọn àgbà rí i, wọ́n dákẹ́. Mo ní ó ń pè yín lọ́mọ ìwọ̀fà. Ó ní, "Ó ń pè mí ni. Èmi lè gbé e. Òun ò lè gbé tirẹ̀." Ó ní kí n tẹ pépà náà bí bàbá ṣe fẹ́ ẹ. Mo ní yàrá ńkọ́. Ó gbé ẹja padà sórí iná. Ó ní ilẹ̀ pọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo yọjú wo yàrá. Ó tẹ́ ẹní rẹ̀ síbẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò dùbúlẹ̀. Ó jókòó sórí rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ìkarahun ìyá rẹ̀.

Mo tẹ ìwé náà. Méjì ni mo tẹ̀. Ọ̀kan bí bàbá ṣe fẹ́ ẹ, ọ̀kan bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Èkejì yẹn, mo ká a sínú ìró mi. Mi ò ní lọ́kàn pé màá yọ ọ́, ìgbàgbọ́ yín ò kàn mí, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Àwọn kan wá láti Bàdóre, àwọn kan láti Lángbàsà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilé ń rùn fún amọ̀ tútù. Bàbá Olórí Ẹbí wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ka ìwé náà sókè, ó kà á dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé yíǹkì dé, àwọn àgbà ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ̀ka. Ìyá àgbà ti fọ ọwọ́ rẹ̀ láti ilé. Mo rí i, ó fi ọṣẹ fọ àtàǹpàkò rẹ̀ láàárọ̀, mo rò pé torí kí wọ́n lè fún un ní ìyẹn nìkan, kó ṣáà tẹ̀ka. Ó dìde, ó na ọwọ́. Bàbá fa ìwé náà sẹ́yìn díẹ̀.

"Ẹ má bínú, ìyá," ó ní. "Àlejò kì í tẹ̀ka síwèé onílé."

Ìyá àgbà mi orí. Ó dá àtàǹpàkò rẹ̀ padà sábẹ́ ìborùn. Ó fẹ́ jókòó. Bó ṣe fẹ́ jókòó yẹn, tó ń fọwọ́ wá ẹ̀yìn àga tí kò sẹ́ni tó bá a mú un, ìyẹn ló pa mí.

Mo ní, "Bàbá, ta ni àlejò?"

Wọ́n ní kí n dákẹ́. Mi ò dákẹ́. Mo yọ ìwé kejì. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ìyàwó baálẹ̀, káàdì ilé ìwòsàn, ìwé Àfáà, ojú oórì mẹ́ta, obìnrin kan tó ń jẹ́ orúkọ méjì, ọkùnrin inú ọkọ̀ ọ̀pá. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń ju òkò. Ìgbà tí mo máa fi parí, kò sẹ́ni tó ń wo ojú mi mọ́. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé àwọn àgbà inú wọn, kò sí ohun tuntun kankan tí mo sọ létí wọn.

Bàbá Olórí Ẹbí ò wúkọ́. Ó kọjú sí Ìyá àgbà. "Ìyá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ọmọdé ni," Ìyá àgbà ní. "Ẹ má dá a lóhùn."

"Mi ò bi ọmọdé. Ẹ̀yin ni mo bi."

Ó lè purọ́. Mo ń retí pé kó purọ́, mo wá ń bẹ Ọlọ́run pé kó purọ́. Ojú rẹ̀ kàn yà kúrò lójú bàbá, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, síbi tí ẹsẹ̀ bàbá wà. Bàbá tẹ̀ lé ojú rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ yẹn pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí rẹ̀, ó gbé ti òsì.

Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ àpótí lọ́rùn, ó gbé e lé orí ìwé tí mo tẹ̀. Ó dìde. Ẹnu ọ̀nà wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ó ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà á. Ó la àárín gbogbo wa kọjá, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti kó lọ sí Elékò, lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀ létí òkun. Àwọn àgbà lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ó gbé àgbọn kalẹ̀ fún wọn, ó bá wọn ṣàwàdà, ó ní òun ò bínú, pé ilé ẹni la ti ń bínú. Kò padà wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí a jọ ń dirun láti kékeré, tó mọ ibi tí gbogbo àpá ara mi ti wá, ó ń rí mi lójú ọ̀nà, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo igi. Bàbá kú kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó rọ̀. Wọ́n sin ín sínú iyanrìn Elékò láàárín àwọn ẹbí ìyàwó rẹ̀. Ìyá àgbà wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, òun nìkan, ó ní kí n má tẹ̀ lé òun.

Nígbà tó dé, ó pè mí. Láti ọjọ́ ìpàdé yẹn, kò bá mi jà o, ohun tí mo bá bi í ló ń dáhùn, kò ṣáà bi èmi ní nǹkan kan mọ́. Lọ́jọ́ náà ó ní, "Mi ò sùn sí yàrá yẹn mọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a ti lé ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ. Kí wọ́n sin mí síta, nídìí àgbọn." Mo ní kó sọ fún àwọn àgbà. Ó ní, "Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bá mi sọ ọ́." Kò gbá yàrá ní ọjọ́ Jímọ̀ mọ́. Ẹní rẹ̀ wà lókè àjà títí ìkán fi jẹ ẹ́.

Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọ̀sà tòrò, kò dá ẹnì kankan láàmú. Ó dà bí ẹni pé gbogbo ẹbí ti ń retí kí wọ́n rí nǹkan ṣe fún un. Àwọn tí wọ́n wo ilẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé ni wọ́n kọ́kọ́ mú ṣọ́bìrì. Yàrá ni wọ́n wọ̀ lọ tààrà. Wọ́n ń sọ pé Ọlọ́run ti dá ìyá láre, ó máa sùn ti ìyá rẹ̀, wọ́n ń nu ojú. Wọ́n ti kó ìkarahun tuntun jọ sínú apẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dúró, ó fara ti ṣọ́bìrì, ó bèèrè bóyá ìyá sọ nǹkan kan kó tó lọ. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ẹnu mi yìí ni wọ́n ń wò, ẹnu tó lé bàbá lọ sí Elékò. Ẹ̀rù ẹnu ara mi bà mí.

Mo ní rárá. Mo ní kò sọ nǹkan kan.

Ibẹ̀ ló wà báyìí. Ó gbà á, bó ṣe máa ń sọ. Ìwé káńsù ti lọ, orúkọ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ó bá ojú oórì mu, kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn. Èmi ni mò ń gbá yàrá ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀yìnkùlé ni mo sì máa ń gbà wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi lẹ́jọ́ lọ́jà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí tí ẹ ò mọ̀ mí rí, ẹ dá mi lóhùn. Bí wọ́n bá pe ìyá yín ní àlejò lójú yín, tí ẹ rí i tó ń fi àtàǹpàkò tó ti fọ̀ pamọ́, ṣé ẹ máa dákẹ́? Bó bá sì wá di ọjọ́ tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ fún un, tí ṣọ́bìrì dúró, tí gbogbo wọn ń wo ẹnu yín, ṣé ẹ máa dákẹ́ níbẹ̀ náà?